Sáyẹ́ǹsì àti àyíká nínú ìdánwò iṣẹ́ ìjọba: ìdáhùn fún ẹni tó ka ìtàn jáde

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìtàn ni mo kà jáde ní yunifásítì, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń múra ìdánwò iṣẹ́ ìjọba. Apá ìtàn, ètò ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé kì í dà mí láàmú. Sáyẹ́ǹsì àti ọ̀rọ̀ àyíká ló ń fà mí sẹ́yìn. Mo ti ra ìwé jọ, mo ń kà wọ́n léraléra, mo ń ka àkójọ ìròyìn oṣooṣù, mo sì ti há gbogbo àdéhùn àgbáyé sórí pẹ̀lú ọdún wọn. Síbẹ̀, bí mo bá ti rí ìbéèrè báyìí, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú. Ṣé kí n padà lọ ka físíìsì àti kẹ́mísìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n kúkú pa apá yìí tì, kí n gbájú mọ́ èyí tí mo mọ̀?”

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra irú ìdánwò yìí, ẹnu àwọn tó ka òfin, ìtàn, èdè àti ìṣirò owó ni mo sì ti máa ń gbọ́ ẹjọ́ yìí jù. Bí ó ṣe yé mi sí, nǹkan méjì ló ń dùn ọ́. Ọ̀kan ni pé o ń ṣe wàhálà, wàhálà náà kò sì hàn nínú máàkì. Èkejì, tí o kò là sọ, ni pé ó ti ń ṣe ọ́ bíi pé orí tìrẹ kì í ṣe orí sáyẹ́ǹsì. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Àwọn tó ń gbé ìdánwò yìí kalẹ̀ kò wá onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tí fáìlì lè dé iwájú rẹ̀ lọ́la, kó jẹ́ ti omíyalé, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ti ilé iṣẹ́ tó ń da ìdọ̀tí sódò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi èdè ńlá tàn án jẹ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè wọn kì í fi dá lórí ìṣirò. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: kí ló fa èyí, báwo ni èyí ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ ta ni èyí. Mo ti rí àwọn tó ka kẹ́mísìrì gboyè tí apá yìí fìyà jẹ, nítorí wọ́n gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tán, wọn kò sì ka gbólóhùn iwájú wọn dópin.

Ohun kejì tó yẹ ká tú palẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta lo ń pè ní ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni sáyẹ́ǹsì ìpìlẹ̀: ara ènìyàn, àrùn, oúnjẹ, ooru, ìmọ́lẹ̀, iná mànàmáná, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Kò pọ̀, kì í sì í yí padà. Èyí tí o bá mọ̀ lónìí, o ti mọ̀ ọ́n títí lọ. Ìkejì ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń jáde nínú ìròyìn, láti orí sátẹ́láìtì dé orí oògùn tuntun. Èyí kò lópin, ọdọọdún ló ń yí padà. Ìkẹta ni àyíká fúnra rẹ̀: bí ẹranko, igi, omi àti ilẹ̀ ṣe so kọ́ra, ohun tó ń bà wọ́n jẹ́, àti àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ tọwọ́ bọ̀ lórí wọn. Tí o bá ń fi ọ̀nà kan náà ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o máa lo àkókò púpọ̀ jù lórí ìkejì, tí kò lópin, wàá sì fi ìkẹta sílẹ̀, níbi tí ẹni tó fara balẹ̀ ti lè kó máàkì jọ. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i nínú lẹ́tà rẹ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ gan-an nìyẹn.

Jẹ́ ká mú ìbéèrè kan kí o rí ohun tí mò ń wí. Èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ló kún inú ìwé ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá. Gbólóhùn mẹ́ta ni. Èkíní: ihò tó wà lára ósóònù ni olórí ohun tó ń mú kí ayé gbóná. Èkejì: àwọn kẹ́míkà tó ń ba ósóònù jẹ́ ni Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 dá lé lórí. Ẹ̀kẹta: wọ́n fi HFC kún àdéhùn náà ní Kigali ní ọdún 2016 nítorí pé HFC ń jẹ ósóònù. Mélòó ló tọ̀nà? Ẹni tó há orúkọ àti ọdún sórí á rí Montreal, á rí 1987, á rí Kigali, á rí 2016, gbogbo rẹ̀ á bá ohun tó há mu, inú rẹ̀ á dùn, á sì yára mú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹyọ kan péré ló tọ̀nà, èkejì.

Wo bó ṣe rí. Ósóònù jẹ́ ọ́síjìn tó so ara rẹ̀ pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 35 sí orí ilẹ̀, níbẹ̀ ló sì ti ń gba ìtànṣán oòrùn tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara mọ́ra kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. CFC, tí wọ́n ń lò nígbà kan nínú fíríìjì àti nínú agolo tí à ń fín, ní kílórínì nínú. Tó bá gòkè débẹ̀, ìtànṣán á já kílórínì yìí gbà, kílórínì á sì máa tú ósóònù ká. Ihò tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni ìgbóná ayé. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, mẹ́tẹ́ènì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dà bí aṣọ ìbora: wọ́n ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, wọn kì í sì í jẹ́ kí gbogbo ooru tó yẹ kó padà lọ sókè lọ. Wá wo HFC. Òun ni wọ́n fi rọ́pò CFC, nítorí pé kò ní kílórínì, kì í jẹ ósóònù. Àmọ́ bí a bá fi wé kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ní ìwọ̀n kan náà, agbára tí ọ̀pọ̀ irú HFC fi ń dá ooru dúró tó ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún, òmíràn tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ló gbé e dé Kigali, kì í ṣe ósóònù. Olùdánwò lè tún yí i padà sí ọ lọ́tùn-ún, kó ní ósóònù dára níbikíbi tó bá wà. Irọ́ ni: èyí tó bá wà nítòsí ilẹ̀, tí èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú oòrùn ń dá sílẹ̀, ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti irúgbìn jẹ́. Ohun kan náà ni, ibi tó wà ló sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá.

Ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi ń dàrú mọ́ ọ lójú nìyí: orúkọ lo kó jọ, o kò kó ìdí jọ. Bẹ́ẹ̀, ìwọ tí o ka ìtàn ló yẹ kí èyí rọ̀ lọ́rùn jù. Kò sí òpìtàn tó ń há ọdún ogun sórí láì béèrè ohun tó dá ogun sílẹ̀. Àdéhùn àyíká kọ̀ọ̀kan náà ní ohun tó bí i. Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko ní Nàìjíríà. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sún àwọn orílẹ̀-èdè lọ sí Basel, ní Switzerland, ní ọdún 1989, tí wọ́n fi fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má kó ìdọ̀tí olóró kọjá ẹnubodè láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó máa gbà á ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i. Àwọn ará Áfíríkà wò ó pé ìyẹn kò tíì tó, ni wọ́n bá ṣe tiwọn ní Bamako ní ọdún 1991, tí wọ́n fòfin de kíkó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọ Áfíríkà pátápátá. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní ṣi Basel mú fún Stockholm. Ti Stockholm, ọdún 2001, dá lórí àwọn kẹ́míkà bíi DDT, oògùn apakòkòrò, tí kì í tètè jẹrà, tó ń pẹ́ nínú ilẹ̀, nínú omi àti nínú ọ̀rá ara. Ọ̀kan ń ṣọ́ ẹnubodè, èkejì ń ṣọ́ kẹ́míkà fúnra rẹ̀.

Minamata ni mo máa ń fi kọ́ni jù, nítorí sáyẹ́ǹsì àti ìtàn ló jọ wà nínú rẹ̀. Ìlú etí òkun ni, ní Japan. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ń da omi ìdọ̀tí tó ní mákúrì, irin olóró kan, nínú sínú òkun níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ̀n tó wà nínú omi kò tó ohun tó máa pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú omi ń gbà á sára, ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ wọ́n, ẹja ńlá ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́, mákúrì náà kì í sì í tètè jáde lára, nítorí náà bí oúnjẹ ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn ni ìwọ̀n rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ènìyàn ló wá jẹ ẹja náà kẹ́yìn. Ẹ̀ya ara àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ojú àti etí àwọn mìíràn bàjẹ́, wọ́n bí àwọn ọmọ kan pẹ̀lú àrùn náà lára, àwọn ológbò ìlú náà pàápàá ń ta gìrì. Ọdún 1956 ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n sí àrùn ọ̀tọ̀. Nígbà tí àgbáyé wá ṣe àdéhùn lórí mákúrì ní ọdún 2013, orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fún un. Wò ó, o kò ní gbàgbé àdéhùn yìí mọ́, o kò sì ní gbàgbé bí májèlé ṣe ń pọ̀ sí i láti orí ẹran kékeré dé orí ẹran ńlá. Ìbéèrè tó bá ní “èwo ni mákúrì máa pọ̀ sí jù lára nínú ìwọ̀nyí”, tó wá kọ ewé inú omi, edé, ẹja kékeré àti ẹja ńlá apẹran kalẹ̀, o kò nílò oyè kẹ́mísìrì láti dáhùn rẹ̀.

Àwọn tó kù kò gba ìtàn gígùn tó bẹ́ẹ̀, ìdẹkùn tó wà nínú wọn ni kí o mọ̀. Ramsar, ìlú kan ní Ìránì, ọdún 1971, wà fún àbàtà àti àwọn ilẹ̀ olómi. CITES, ọdún 1973, dá lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Kì í ṣe òfin ọdẹ nínú ilẹ̀ ẹni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ti ojú ọjọ́, àdéhùn gbogbogbòò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí ní Rio ní ọdún 1992 ni ìyá, Kyoto àti Paris ni ọmọ. Kyoto, ọdún 1997, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, gbé iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ dín kù ka àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà nìkan lórí. Paris, ọdún 2015, ní kí olúkúlùkù mú ètò tirẹ̀ wá, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, kí ìgbóná ayé má bàa dé ìwọ̀n 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kò tíì gbilẹ̀ lọ, kí wọ́n sì máa sapá kó má kọjá 1.5. Òfin Paris de orílẹ̀-èdè láti mú ètò wá. Kò ní ìyà kankan fún ẹni tí kò bá lè mú ètò náà ṣẹ. Bí o bá mọ ìyàtọ̀ yìí, ìdajì ìbéèrè tí wọ́n lè gbé jáde lórí wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ. Fi èyí kún un: dídín èéfín kù jẹ́ ọ̀tọ̀, mímúra sílẹ̀ de ohun tí èéfín ti fà jẹ́ ọ̀tọ̀. Gbígbin igi láti fa kábọ́ọ̀nù mọ́ra bọ́ sí èkíní, mímọ odi sí etí òkun bọ́ sí èkejì. Wọ́n fẹ́ràn láti pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Ó di ọ̀rọ̀ físíìsì àti kẹ́mísìrì. Má padà lọ kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ń kà tó ọ, kà á bí ẹni tó ń ka ìtàn, kí o sì fo gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ní kí o ṣírò. Ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni kí o fi síwájú: sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀jẹ̀, fítámì, àjẹsára, àrùn àti ohun tó ń gbé e kiri. Nínú kẹ́mísìrì, mú afẹ́fẹ́, omi, epo, ásíìdì, irin àti ike. Nínú físíìsì, mú ooru, ìmọ́lẹ̀, ìró, iná mànàmáná àti òòfà ilẹ̀. Bí o ṣe ń kà, máa wá àwọn nǹkan méjì-méjì tó jọra. Bakitéríà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pípé tó lè dá gbé, tó lè dá pọ̀ sí i. Fáírọ́ọ̀sì kò lè pọ̀ sí i àyàfi tó bá wọnú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí oògùn tó ń pa bakitéríà kò fi ń ran ọ̀fìnkìn tàbí COVID-19, ìdí nìyẹn náà tí lílo irú oògùn bẹ́ẹ̀ nílòkulò fi ń bí bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. Láti orí ìyàtọ̀ kan ṣoṣo, o ti lè dáhùn nǹkan bíi ìbéèrè mẹ́ta. Ojú tí mo fẹ́ kí o fi máa kàwé nìyẹn.

Ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ inú ìròyìn, àkójọ oṣooṣù tí o ń rà yẹn kì í ṣe ohun burúkú, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wá fún ọ ni kò dára: orúkọ lórí orúkọ, ọjọ́ lórí ọjọ́. Bí o bá bá ohun tuntun pàdé, béèrè ìṣòro tó fẹ́ yanjú, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní gbólóhùn kan, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin. Mú àjẹsára mRNA ti COVID-19. Ìlànà ló gbé wọ sẹ́ẹ̀lì, pé kó ṣe ẹ̀yà kan lára fáírọ́ọ̀sì náà kí ara lè mọ̀ ọ́n lójú. Kì í dé inú kóró sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA, ìlànà ara tí a jogún, wà, kò pẹ́ tí ara fi ń fọ́ ọ dànù, kì í sì í yí DNA padà. Iṣẹ́ tó ṣí ọ̀nà fún un ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Katalin Karikó àti Drew Weissman ní ọdún 2023. CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe DNA, tó gba ti kẹ́mísìrì fún Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna ní ọdún 2020, ń gé DNA gan-an, ó sì ń tún un kọ. Gbólóhùn tó bá ní mRNA ń ṣàtúnṣe DNA ti gbé iṣẹ́ èkejì fún èkíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì: èyí tó dà bí ẹni tó dúró lójú kan wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí pé bó ṣe ń yí ni ayé náà ń yí, ó sì dára fún tẹlifíṣọ̀n àti ojú ọjọ́, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, wọ́n ń gba òkè àti ìsàlẹ̀ ayé kọjá, ayé sì ń yí lábẹ́ wọn. Tí o bá sì gbọ́ háídírójìn aláwọ̀ ewé, jọ̀wọ́ má wá àwọ̀ kankan lára rẹ̀, kò ní. Iná láti ara oòrùn tàbí atẹ́gùn ni wọ́n fi yọ ọ́ lára omi, ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí ìyẹn ṣe máa ń mú àwọn ọlọ́gbọ́n ènìyàn.

Mo tún fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí bí o ṣe ń kàwé. O ní o ń kà á léraléra. Ìwé tí a bá kà léraléra a máa tan ni jẹ, ojú ti mọ̀ ọ́n, ó wá ń dà bí ẹni pé orí náà ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkurú kà. Àwọn kan kà á ní àkàtúnkà, àwọn mìíràn pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á ní àkàtúnkà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ti kọ ọ́ láti orí ló borí. Ìdánwò tìrẹ kò sì ní wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Nítorí náà, tí o bá ka Minamata tán lónìí, pa ìwé dé, kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin láti orí rẹ, lẹ́yìn náà ṣí i wò kí o rí ibi tí o ti ṣì í. Tún ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá náà, má kàn wo èyí tó tọ̀nà nínú rẹ̀ kí o sì kọjá. Mú àwọn mẹ́ta tí kò tọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wí ìdí tí kò fi tọ̀nà àti ohun tó yẹ kí wọ́n kọ kó tó lè tọ̀nà. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ó sì ń súni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mò ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe, òun ni mo ti rí i tó ń so èso jù.

Ó ku ti fífojú dídì mú ìdáhùn. Kọ́kọ́ wá a mọ̀ bóyá wọ́n ń yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà nínú ìdánwò tìrẹ, torí òfin kálukú yàtọ̀. Ní Íńdíà, bí àpẹẹrẹ, ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò ní ìpele àkọ́kọ́ ìdánwò iṣẹ́ ìjọba wọn ní ìbéèrè 100, máàkì méjì-méjì, wọ́n sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì ìbéèrè bí o bá ṣì í. Ká ṣírò rẹ̀. Bí o kò bá mọ nǹkan kan rárá, tí o fojú dídì mú ìdáhùn fún ìbéèrè 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́rin, tí kò bá sí oríire tàbí orí burúkú, 3 á bọ́ sí i, 9 á tàsé. Máàkì 6 wọlé, máàkì 6 jáde, òfo lo ṣe. Tí o bá lè yọ ìdáhùn kan péré kúrò nínú mẹ́rin, 4 á bọ́ sí i, 8 á tàsé: 8 wọlé, 5 àti díẹ̀ jáde. Tí o bá yọ méjì kúrò, 12 wọlé, 4 jáde. Nítorí náà, ìmọ̀ tí kò pé náà lówó lórí, àìmọ̀ pátápátá ni kí o fi sílẹ̀ lófìfo. Àmọ́ ṣọ́ra fún ìbéèrè “mélòó ló tọ̀nà”, irú èyí tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lókè. Ó pọ̀ gan-an nínú ìwé wọn ní ọdún 2023, kò sì jẹ́ kí yíyọ ìdáhùn kúrò rọrùn, nítorí o gbọ́dọ̀ mọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan á sọ fún ọ pé gbólóhùn tó bá ní “nìkan” tàbí “gbogbo” nínú, irọ́ ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn olùdánwò náà sì ti gbọ́ àṣírí yẹn tipẹ́, wọ́n ń fi í dẹ pàkúté.

Kí o pa apá yìí tì ńkọ́? Mi ò ní bá ọ lọ́wọ́ sí i. Bí ìdánwò rẹ bá ní ìpele tí wọ́n ti ń kọ àròkọ, ọ̀rọ̀ àyíká máa bá ọ débẹ̀, kò sì ní wá ní ìdáhùn A sí D. Wọ́n lè ní kí o wo ìdídò kan, pé ó ń mú iná wá, ó ń dá omi oko dúró, ó sì tún lé àwọn ará abúlé kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ó dí ọ̀nà ẹja, ó dá ẹrẹ̀ tó yẹ kó máa dé etí òkun dúró. Ẹni tó bá ti pa apá yìí tì kò ní mọ ohun tó máa fi sí òṣùwọ̀n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣèlérí pé wàá gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò sí ìmúrasílẹ̀ tó lè bá a: orúkọ àkèré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú igbó kan, tàbí ètò kékeré kan tí àjọ kan dá sílẹ̀. Ẹni tó bá gba òun náà, oríire ló gbà á. Fò ó, kí o sì máa lọ, má jẹ́ kó jẹ àkókò èyí tí o mọ̀. Iye ìbéèrè tó máa wá láti apá yìí náà, àwọn olùdánwò lè yí i padà láti ọdún kan sí èkejì, nítorí náà má fi tọdún tó kọjá lérí.

Bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la, fi àkójọ oṣooṣù sílẹ̀ ná fún oṣù méjì. Mú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ tó ń ṣe ìdánwò rẹ tẹ̀ jáde, mú ìbéèrè ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn tì í, kí o fi ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti béèrè nǹkan rí. Ibi tí ìlà bá pọ̀ sí ni kí o kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn oṣù méjì, padà sí ìròyìn, èyí tó bá so mọ́ ohun tí o ti kà nìkan ni kí o kọ sílẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an nínú ìwé kan náà, kì í ṣe sínú ìwé tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó gbẹ̀yìn, má ka ìròyìn tuntun mọ́ rárá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ ìbéèrè, kí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lánàá kò ní sí níbẹ̀.